Àbùdá Polyvinyl Alcohol àti Ìlò Rẹ̀ ní Yàrá Àyẹ̀wò Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà
Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ṣàlàyé polyvinyl alcohol, bí ó ṣe ń yọ́ nínú omi, àti iṣẹ́ tí olùkọ́ lè fi ṣe níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Èrò wa ni pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń po ẹ̀kọ mímu ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Orísun rẹ̀
Willy Herrmann àti Wolfram Haehnel ló kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì ní ọdún 1924. A kì í ṣe é láti ara vinyl alcohol, nítorí pé ìyẹn kì í dúró. Kíá ni ó máa ń yí padà di acetaldehyde. Polyvinyl acetate ni a ń kọ́kọ́ ṣe, kí a tó yọ acetate ara rẹ̀ kúrò, kí OH sì rọ́pò rẹ̀. PVA ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì lọ́jà, ṣùgbọ́n polyvinyl acetate, tó wà nínú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, kì í yọ́ nínú omi. Nítorí náà, kí olùkọ́ ka orúkọ náà ní kíkún kí ó tó sanwó.

Àbùdá rẹ̀
Mólékù rẹ̀ gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn kan. OH ara rẹ̀ fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n OH okùn kan tún máa ń di ti èkejì mú. Èyí tí a ti yọ 98 sí 99% acetate rẹ̀ kúrò máa ń fẹ́ ìgbóná bí 90°C kí ó tó yọ́ tán. Èyí tí a yọ 87 sí 89% rẹ̀ máa ń tètè yọ́, torí pé acetate tó ṣẹ́kù kì í jẹ́ kí àwọn okùn náà sún mọ́ra jù.

Bí a ṣe ń yọ́ ọ
Ẹ wọn gíráàmù 4 sínú gíráàmù 96 omi tútù, kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé e kaná títí yóò fi mọ́ gaara. Bí a bá dà á sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ yóò wú, yóò sì bo ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́ inú, bí èlùbọ́ tó di kókó. Ìdí nìyí tí a fi ń fi omi tútù po ògì kí omi híhó tó dé e.

Ìlò rẹ̀
Bí a bá da ìpín 1 omi borax 4% sínú ìpín 10 àpòpọ̀ yìí, yóò dì, yóò sì máa yọ̀, torí pé borate ń so okùn kan mọ́ èkejì. Bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò tún padà ṣàn. Bí a bá mú kí àpòpọ̀ PVA nìkan di yìnyín, tí a jẹ́ kí ó yọ́, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, yóò dì láìlo borax rárá. Ní ilé ìwòsàn, a máa ń fi PVA lẹ ìgbẹ́ aláìsàn mọ́ gíláàsì kí a lè wá kòkòrò inú rẹ̀.

Borax kì í ṣe nǹkan jíjẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ wọn dáadáa. Kí a má sì da èyí tó ti dì sínú ihò omi, kí ó má baà dí i.

Ìgúnlẹ̀
Akẹ́kọ̀ọ́ tí PVA rẹ̀ di kókó kò lè rí èsì tó yẹ kó rí, bó ti wù kó mọ ìwé tó. A dámọ̀ràn pé kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò ògì, kí ó tó dé orí mólékù.