Ìdí tí kànga kan fi ń gbẹ ní Ìwó tí ti aládùúgbò kì í gbẹ

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé nílùú Ìwó, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn onílé a bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn mọ́ okùn ìfami, nítorí èyí tó kan omi lóṣù kẹsàn-án kì í kàn án mọ́ lóṣù kejì. Garawa á máa gbé ẹrẹ̀ bọ̀ nílé kan, nígbà tí omi ṣì wà ní ilé tó kọjú sí i. Àwọn kan a tiẹ̀ máa sọ pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ ni, kì í ṣe ayé.

Lágbègbè etí òkun, bíi Èkó àti Ìlàjẹ, iyanrìn tó nípọn ló gba omi dúró. Ìyọnu tiwọn ni pé bí wọ́n bá fa omi jù, omi iyọ̀ á gòkè wá. Ti Ìwó yàtọ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ìlú náà, àpáta kì í sì í mu omi. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta tó ti jẹrà, àti ojú ibi tí àpáta ti sán, ni omi òjò máa ń sá pamọ́ sí. Ibi tí ilẹ̀ rírọ̀ yìí bá ti jìn, kànga á pẹ́ kó tó gbẹ. Ibi tí kò bá jìn, omi lè tán kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì.

Ìdí nìyí tí owó kànga dẹ̀rọ fi ń ṣòfò. Wọ́n á lu ilẹ̀ títí, eruku àpáta ni yóò máa tú jáde. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ wá ibi tí àpáta ti là, owó rẹ̀ kò sì tó ti kòtò gbígbẹ kan. Ó yẹ kí àwọn olóṣèlú tó ń gbẹ́ kànga sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ wọn gbọ́ èyí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá kò dùn ún sọ, àmọ́ àwọn ilé àtijọ́ há mọ́ra, kànga àti ṣáláńgá a sì máa jẹ́ alámùúlégbè. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí àárín méjèèjì tó 30 mítà, ìyẹn nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀. Omi tó mọ́ lójú lè ní àrùn nínú. Lọ́dún 2021, ikú 3,604 ni àjọ NCDC kọ sílẹ̀ lórí àrùn onígbáméjì ní Nàìjíríà. Ẹni tí àyè kò bá gbà láti gbé ṣáláńgá kúrò, kó máa se omi rẹ̀ kó tó mu ún.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, kó má ṣe é nígbà òjò, torí omi á tètè yọ, á sì tan onílé jẹ. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dára, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Omi tí wọ́n bá bá nígbà náà ni wọ́n á máa fà lọ́dún tó ń bọ̀.