Àwọn Àṣẹ Ìbẹ̀rẹ̀ Tí A Fi Ń Ṣí Vim

Vim jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀, tí a sì fi ń tún un ṣe. Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1991, orí vi, ètò irú rẹ̀ kan tí Bill Joy kọ ní Berkeley ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1976, ni ó sì gbé e kà. Inú tẹ́mínàlì, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tí kò ní àwòrán kankan, níbi tí a ti ń fi kíbọọ̀dù tẹ àṣẹ, ni a ti sábà máa ń pè é. Ẹni tó bá tẹ vim láìdárúkọ fáìlì yóò rí ojú ìwé òfìfo, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni tó ń bẹ̀bẹ̀ ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ aláìní ní Uganda, nítorí pé Moolenaar, tó kú ní ọdún 2023, kò fi ètò yìí ṣòwò, ohun tó bẹ àwọn olùlò rẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ran àwọn ọmọ Kibaale ní Uganda yìí lọ́wọ́.

Àárín orúkọ ètò àti orúkọ fáìlì ni àyè àwọn àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ wà: lẹ́tà tàbí nọ́ńbà díẹ̀, tí àmì dáàṣì tàbí àmì ìròpọ̀ máa ń ṣíwájú, tí ń sọ bí Vim yóò ti ṣe ní ìgbà kan ṣoṣo yẹn, láìyí ohunkóhun padà fún ìgbà mìíràn. Bí wọn kì í ti kọjá ìgbà kan yìí ni ó mú kí wọ́n wúlò jù lọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni àmì ìròpọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ fún ẹni tó ń kọ ètò pé ìlà 120 ni àṣìṣe wà, vim +120 àti orúkọ fáìlì yóò gbé e dé ìlà náà gan-an. +/ tí a lẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ yóò gbé e lọ síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn. Àmì ìròpọ̀ nìkan sì ń lọ sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ gba àròjinlẹ̀ nígbà tó bá kan fáìlì .vimrc. Inú rẹ̀ ni olùlò ń kọ bí ó ṣe fẹ́ kí Vim máa ṣe sí, Vim a sì máa kà á nígbàkigbà tí a bá ṣí i, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àwọn àfikún wọlé, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí a fi ń bù kún agbára rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wọ inú .vimrc, tí Vim kò sì ṣeé lò mọ́, kí ni ènìyàn yóò fi tún un ṣe, nígbà tó jẹ́ Vim náà ni ó fẹ́ fi ṣí i? Èsì rẹ̀ ni -u NONE, tí ń mú kí Vim fo .vimrc àti àwọn àfikún kọjá láìkà wọ́n. Bí ìṣòro náà bá lọ, a jẹ́ pé inú ọ̀kan nínú wọn ló ti wá, -u NORC, tó ń fo .vimrc nìkan, ni yóò sì fi èyí tó jẹ̀bi hàn. Àmọ́ -u NONE máa ń dá Vim padà sí ìṣe vi àtijọ́, èyí tó lè da ọkàn ẹni tí kò mọ̀ rú, ìdí nìyẹn tí --clean, tó ń ṣí Vim bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, fi sàn jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtòtẹ̀lé tí nǹkan ń gbà ṣẹlẹ̀ náà ṣe kókó: àṣẹ tó tẹ̀lé --cmd ń ṣẹ kí Vim tó ka .vimrc, èyí tó tẹ̀lé -c kì í sì í ṣẹ àfi tí fáìlì àkọ́kọ́ bá ti wọlé tán. Ẹni tó bá fi --cmd pàṣẹ ohun tí .vimrc rẹ̀ tún wá yí padà yóò máa rò pé Vim kò gbọ́ tòun.

Ààbò fáìlì tún ni ibòmíràn tí àwọn àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ ti wúlò. -R ń ṣí fáìlì fún kíkà, ṣùgbọ́n kò ju ìkìlọ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá fi àmì ìyanu kún àṣẹ ìpamọ́, ìyẹn :w!, yóò borí rẹ̀. -M le jù bẹ́ẹ̀, kì í gbà kí a yí lẹ́tà kan padà. Vim sì máa ń kọ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ pamọ́ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .swp, lẹ́yìn lẹ́tà 200 tí a tẹ̀ tàbí ìṣẹ́jú-àáyá 4 tí a kò tẹ nǹkan kan. Bí iná bá lọ lójijì, vim -r àti orúkọ fáìlì yóò gba iṣẹ́ náà padà, ó kéré tán dé ibi tí ìpamọ́ dé. Lẹ́yìn èyí, olùlò fúnra rẹ̀ ni yóò pa .swp náà rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Vim kò ní yé kìlọ̀ nípa rẹ̀. -n ń sọ fún Vim pé kó má ṣe fáìlì yìí rárá, ìmọ̀ràn tí kò yẹ ká gba ẹnikẹ́ni níbi tí iná kì í ti í dúró, àyàfi ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ kù sórí kọ̀ǹpútà.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣí fáìlì méjì pọ̀, -o ń tò wọ́n lé ara wọn, -O ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, -d sì ń fi àwọ̀ kun ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Orúkọ tí a fi pe Vim pàápàá lè dípò àṣẹ: view kò yàtọ̀ sí vim -R, vimdiff kò sì yàtọ̀ sí vim -d, nítorí ètò kan náà ni wọ́n. Bí orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì dáàṣì, tí Vim sì ń kà á sí àṣẹ, dáàṣì méjì, --, ni a ó kọ ṣíwájú rẹ̀, nítorí orúkọ fáìlì ni Vim yóò ka ohunkóhun tó bá tẹ̀lé e sí.