Nọ́ọ̀tì ńlá: ìdí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì ju agbára lọ

Láti Òtan Ayégbajù dé Ìrèsì, kò sí awakọ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mẹkáníìkì: "Ọ̀gá, mo ti táìtì ẹ̀ pinpin." Ṣùgbọ́n báwo ni pinpin ṣe pọ̀ tó? Ní títì, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́ á rí ibi páàkì sí. Lójú ọ̀run ńkọ́?

Lọ́dún 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Kánò, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àlòkù ọkọ̀ kan hẹlikọ́pítà. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan bàálù kékeré nínú ilé wọn ń lò, torí pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò nílò omi.

Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló so flywheel mọ́ crankshaft nínú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń dè é dé tó nǹkan bíi Newton-mítà 343. Ti nọ́ọ̀tì táyà Toyota Corolla kò ju 103 lọ.

Ẹ wò ó báyìí: bí ọwọ́ sípánà bá gùn tó mítà 1, tó nà gbọọrọ, kílò 35 tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ ti pé ìwọ̀n náà. Bí wọ́n bá fi páìpù sọ ọ́ di mítà 2, kílò 17 àbọ̀ ti tó. Ibẹ̀ ni páìpù ti ń tan èèyàn jẹ: kò ní rẹ apá, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì ti gba àgbàjù.

Bóòtì máa ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, bó ṣe fẹ́ sún kì padà ló fi ń di nǹkan mú. Bí kò bá nà tó, flywheel á máa mì títí nọ́ọ̀tì á fi tú. Bó bá nà jù, ó lè já. Epo tó bá wà lára rẹ̀ náà ń mú kó nà ju ti gbígbẹ lọ, nítorí náà, ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ ni kí wọ́n ṣe.

Irin tí wọ́n dè mọ́ flywheel ló yẹ kó dá a dúró, kì í ṣe screwdriver tí wọ́n há sí eyín rẹ̀. Torque wrench, sípánà tó ń fi ìwọ̀n hàn, ni kí wọ́n fà, díẹ̀díẹ̀, láìjá a gbà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà kọjá lórí nọ́ọ̀tì. Bí ìlà náà bá yẹ̀, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é ní ọ̀kánkán-ọ̀kánkán, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn kìlómítà 80. Nọ́ọ̀tì tó bá tú lórí òkè kì í dágbére.