Ojú Ológbò àti Ìwé Tí Ẹ Ń Kà



Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Lẹ́tà rẹ̀ dúdú, bébà rẹ̀ funfun. Ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́tà ṣì dúdú. Ẹ kà á nídìí fìtílà lálẹ́, bébà ṣì funfun. Bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn lágbára ju fìtílà lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara lẹ́tà dúdú wá sójú yín nínú oòrùn pọ̀ ju èyí tó ń ti ara bébà funfun wá nídìí fìtílà lọ. Kí ló dé tí dúdú kò di funfun lójú yín?

Inú ojú ológbò ni wọ́n ti rí apá pàtàkì nínú ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn ìránṣẹ́ ojú

Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Sẹ́ẹ̀lì ló kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun alààyè kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, bí bíríkì ṣe ń di ilé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń kó ìròyìn jọ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn tó ń ránṣẹ́ yìí ni a ó pè ní ìránṣẹ́ ojú. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn tín-ín-rín tó gùn dé ọpọlọ. Iná mànàmáná kékeré ló ń gba inú okùn náà lọ, tó ń dún bí ẹni kan ilẹ̀kùn: kó, kó, kó.

Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Stephen Kuffler, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, sọ ohun tó rí lójú ológbò fún gbogbo ayé. Ó tan iná tóótòòtó sí ojú ológbò, ó sì ń ṣọ́ ìránṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó rí i pé ìránṣẹ́ náà kì í dákẹ́ pátá nínú òkùnkùn. Ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí iná bọ́ sí àárín ibi tó ń ṣọ́, ó yára kàn án. Nígbà tí iná bọ́ sí etí ibẹ̀ yíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Nígbà tí iná bo àárín àti etí pọ̀, ìyípadà tó rí kéré.

Ẹ rántí òṣùwọ̀n alápá méjì. Àárín ni apá kan, etí ni apá kejì. Bí ẹrù apá méjèèjì bá dọ́gba, òṣùwọ̀n kò tẹ̀ síbì kan. Ìránṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì: bí àárín bá ṣókùnkùn ju etí lọ ni ó ń yára.

Ẹ̀yin náà rí i báyìí: ìránṣẹ́ ojú kì í sọ pé, “Ìmọ́lẹ̀ pọ̀.” Ohun tó ń sọ ni pé, “Ibí yìí yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Ojú ènìyàn náà ní irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń dúdú lójú yín lọ́sàn-án àti lóru: bébà tó yí i ká ló ń jẹ́rìí sí i.

Ẹ dán an wò. Ẹ gé bébà sìmẹ́ǹtì kan sí méjì. Ẹ fi ọ̀kan lé aṣọ dúdú, ẹ fi èkejì lé aṣọ funfun. Ti orí aṣọ dúdú yóò mọ́lẹ̀ jù lójú yín, bẹ́ẹ̀ bébà kan náà ni.

Nígbà tí òkùnkùn bá ṣú

Ní 1957, Kuffler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé nínú òkùnkùn, iṣẹ́ etí yẹn ń lọ sílẹ̀. Ìránṣẹ́ kò ṣe ìfiwéra mọ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó bá rí ló ń kó jọ. Ojú lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí etí rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ wá ìmọ́lẹ̀ tó tó bí ẹ bá fẹ́ kàwé.

Ẹ ṣọ́ àwọn ìránṣẹ́ yín

Ìránṣẹ́ ojú tó bá kú kì í hù padà. Àìsàn kan wà tó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Gílákómà ni àwọn dókítà ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣókùnkùn, ẹni náà kò sì ní mọ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá a dúró, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá ohun tó ti sọnù padà. Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní in, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú yín wò. Ẹ má dúró di ìgbà tí ojú bá ṣókùnkùn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Kí ni ìránṣẹ́ ojú ń sọ fún ọpọlọ?
2. Kí ló dé tí lẹ́tà dúdú fi ń dúdú nínú oòrùn?
3. Ta ló yẹ kó lọ yẹ ojú wò nínú ilé yín?