Bí A Bá Yọ Ìlù Kúrò Ńkọ́?

Àwa olùkọ́ tí a ń kéwì ń jiyàn: bí a bá yọ ìlù kúrò nínú orin àtijọ́, ṣé ewì kù níbẹ̀? Àwọn kan ní ìlù nìkan ni adùn rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní 1983, sílẹ̀, kí ẹ kà á láìsí agídìgbo: òwe àti oríkì rẹ̀ dúró ṣinṣin. Àwo mìíràn wà tí bí ìlù bá ti dákẹ́, ó parí! N kò ní dárúkọ.

Ṣùgbọ́n àwo ń họ, àwọn àgbà tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Mo ti kọ orin mẹ́ta sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ méjì ṣì rú mi lójú, mo sì ń wá àgbà Ìjẹ̀bú tí yóò là á yé mi.