Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kejì? Ìdájọ́ Ìjà Ẹgbẹ́ Nínú Géèmù Roleplay

Géèmù roleplay tí à ń ta lórí WhatsApp tàbí Telegram kò ní àwòrán, kò sì ní bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀. Oníkálukú ní ẹ̀dá-ìtàn kan: ọdẹ, jagunjagun tàbí oníṣègùn. Ohun tó bá fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ṣe ni yóò kọ sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì kọ tirẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹni méjì bá ń jà, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí mẹ́ta bá kojú mẹ́ta ni ariwo máa ń sọ. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń ṣe adájọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù kan tí ọ̀pọ̀ wa níbẹ̀ ń gbé ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Mo fẹ́ ṣàlàyé òfin tí à ń lò, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì.

Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, gbogbo ojú ló sì rí i. Nínú MUD, géèmù ọlọ́rọ̀ tí Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Essex ní 1978, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ẹni tí idà bà. Nínú Dungeons & Dragons tó jáde ní 1974, dáìsì ló ń sọ ọ́. Nínú tiwa, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà. Nítorí náà, girama ni adájọ́ kọ́kọ́ ń wò.

Òfin kìíní: ọ̀rọ̀-ìṣe kejì

Ẹ rántí ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì lé lórí ní 1974 kan náà. Nínú gbólóhùn bíi “Ó ti ọmọ náà ṣubú”, ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní sọ ohun tí olùwà ṣe, èkejì sọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ẹnìkan ló tì, ọmọ ló ṣubú.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á kọ pé, “Mo ta Balógun lọ́fà pa.” Gbólóhùn kan péré, ogun ti parí, ẹni tó ni Balógun kò sì tíì fọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Òfin wa ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní ni tìrẹ, èkejì jẹ́ ti ẹni tí o kọlù. O lè kọ pé, “Mo ta ọfà sí Balógun.” Bóyá ó bà á, bóyá ó kú, ẹni tó ni Balógun ni yóò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Mo sọ òkò sí i” àti “Mo sọ ọ́ lókò” yàtọ̀: òkò ti àkọ́kọ́ ṣì wà lófuurufú, ti èkejì ti bà. Àkọ́kọ́ la máa ń gbà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí wọ́n kọlù máa yẹ gbogbo ọfà. Bí ẹni mẹ́ta bá kọlù ú nígbà kan náà, ó lè yẹ ọ̀kan, ó lè fi asà gba ọ̀kan, ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ bà á. Láìsí èyí, kò sí àǹfààní kankan nínú pé ẹgbẹ́ kan fìmọ̀ ṣọ̀kan.

Òfin kejì: orúkọ àti àmì abẹ́ lẹ́tà

“Ó gbá a, ó sì ṣubú.” Ta ló ṣubú? Èyí tó le jù ni “wọ́n”. Nínú ìjà kan, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé dáadáa kọ nípa Ìyálóde ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Wọ́n ti wọ inú igbó.” Àwọn ọ̀tá rò pé gbogbo ẹgbẹ́ ló wọlé, ni wọ́n bá dáná sun igbó. Ọjọ́ méjì la fi dá ẹjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, orúkọ la ń kọ. Ọ̀wọ̀ lè dúró títí ìjà yóò fi parí.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ńkọ́? “Mo ju oko” lè jẹ́ òkò, ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀, ọgbẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i, ohun ìjà tó kéré jù la máa kà fún un. Òfin yìí ti kọ́ àwọn kan ní àmì abẹ́ lẹ́tà ju bí tíṣà wọn ti ṣe lọ.

Òfin kẹta: àkókò

Ìlú ilé-iṣẹ́ ni Ṣàngó-Ọ̀tà. Àwọn kan nínú wa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, wọn kò sì lè mú fóònù dé ìdí ẹ̀rọ. Òfin tí a bá nílẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá fèsì láàárín wákàtí mẹ́fà ti pàdánù ipò rẹ̀. Lójú, ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ là ń borí ṣáá. Ọmọbìnrin kan fi oṣù mọ́kànlá kọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Wọ́n pa á ní nǹkan bí aago méjì òru nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e relé ló ti kà á. Ó fi gúrúùpù sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn rẹ̀ la yí òfin padà. Wákàtí 24 ni ìpele kọ̀ọ̀kan báyìí, gbogbo ohun tí a bá sì kọ nínú rẹ̀ la kà sí pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan lè gbọgbẹ́, kò lè kú. A fi òfin tuntun náà ránṣẹ́ sí i. Kò tíì padà.

Òfin kẹrin: adájọ́

Adájọ́ mẹ́ta la ń yàn, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó ní ẹ̀dá-ìtàn nínú ìjà náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjèèjì la ń gbọ́. Ohun tó wà ní kíkọ níwájú gbogbo ènìyàn nìkan la ń dá lẹ́jọ́. Ohun tí ẹnìkan lọ ṣàlàyé fún adájọ́ ní kọ̀rọ̀ kò sí nínú ìjà. Adájọ́ sì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí gbólóhùn tó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà.

Bí ẹ bá fẹ́ dá irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ òfin yín kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní aago tí wọ́n ń wọṣẹ́ àti èyí tí wọ́n ń ṣíwọ́.