Bí Èdè Ṣe Ń Pa Ipò Dà: Ẹ̀kọ́ fún Òbí Yorùbá ní Port Harcourt

Èdè a máa yí padà, ṣùgbọ́n kì í yí padà láìnídìí. Ẹni tó bá na ọjà Mile 1 ní Diobu, nílùú Port Harcourt, yóò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó ra iṣu kan. Ìkwerre, Kàlàbárì, Ìgbò àti Yorùbá ń pàdé níbẹ̀, Píjìn ló sì ń là wọ́n lóhùn.

Nínú Píjìn yìí, oníṣòwò yóò ní "I see am". Kò jẹ́ sọ pé "Am see me". Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibùjókòó "am". Bí ó bá di ti ohun ìní, "im" ni yóò lò: "im moto". Ṣùgbọ́n "dem" ń ṣe olùwà, ó sì tún ń ṣe àbọ̀: "Dem don come", "I see dem". Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ipò nìyí: àmì tí ń fi hàn bóyá ẹni tí à ń wí ló ṣe nǹkan, tàbí òun ni a ṣe nǹkan sí, tàbí òun ló ni nǹkan.

Gẹ̀ẹ́sì tó bí Píjìn ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ní ipò mẹ́rin, ìró ìparí ọ̀rọ̀ ló sì ń fi wọ́n hàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu ń gbé àwọn ìró náà mì, títí tí ètò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn fi gba iṣẹ́ wọn ṣe. Lónìí, àwọn arọ́pò-orúkọ bí "he" àti "him" ló kù tí ń ròyìn ìtàn náà. Bákan náà ni Látìnì, tó ní ipò mẹ́fà, ṣe bí èdè Faransé àti ti Sípéènì, tí ọ̀rọ̀-orúkọ wọn kò ní àmì ipò mọ́.

Àmọ́ bí ọ̀kan ti ń kú ni òmíràn ń jí. Nínú ìwé àṣẹ Tihany ti ilẹ̀ Hungary, tí a kọ ní 1055, "rea", tó túmọ̀ sí "sórí", ṣì dá dúró. Lónìí ó ti súnkì di "-ra" tàbí "-re", ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó di àmì ipò. Irú èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: "ní inú" ti di "nínú", "ní orí" sì ti di "lórí".

Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kò ní àmì ipò; ajá ni ajá ń jẹ́, ì báà gé ènìyàn jẹ, ì báà jẹ́ òun ni wọ́n nà. Arọ́pò-orúkọ ló ní in: "Mo lọ", "Ó rí mi", "Ó pè mí". Ohùn "mi" kò ga lẹ́yìn "rí", ṣùgbọ́n ó ga lẹ́yìn "pè". Kò sí òbí tó jókòó fi òfin yìí kọ́ ọmọ; etí ni ọmọ fi ń gbà á nínú ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn òbí nìyí. Bí ọmọ tí a bí sí Diobu bá ní "Bàbá pe èmi" nígbà tó yẹ kí ó ní "Bàbá pè mí", tàbí tó wí fún àgbà pé "Mo rí ẹ" dípò "Mo rí yín", kò di dandan kí ó jẹ́ àfojúdi. "You" kan náà ni Píjìn ń lò fún ọmọdé àti àgbà. Kí èdè yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́ kò burú. Kí ó tán lẹ́nu wọn ni àdánù.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olóògbé Kay Williamson. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí ti Port Harcourt, èdè Ìjọ ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2005. Bí àlejò bá lè ṣe èyí fún èdè ọlọ́dẹ̀, ẹ̀bùn tó kéré jù lọ tí òbí Yorùbá lè fún ọmọ rẹ̀ ni kí ó máa bá a sọ Yorùbá lójoojúmọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.